Ìlà Pẹ́ńsùlù Lábẹ́ Ọ̀dà

Nígbà tí Ẹfúnwùmí dé ẹ̀yìnkùlé, agolo rẹ̀ ti ṣófo. Ó ti bu omi ògì kíkan sínú agolo náà, ó ti kó ìṣó tó dípẹtà sí i, ó sì ti ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ olójòjò, títí omi náà fi dúdú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí aró. Ní báyìí wọ́n ti dà á nù. Wọ́n ti fọ agolo, wọ́n sì dojú rẹ̀ dé orí òkúta kí ó gbẹ. Àwọn ìṣó wà lórí páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi yanrìn bó ìpẹtà ara wọn, gbogbo wọn ń kọ mànà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé.

"Ìyá Rótìmí!" ló pè.

"Ìyàwó mi! Mo ti bá ọ fọ agolo yẹn o," ohùn kan dáhùn láti ilé ìdáná. "Ó ti ń rùn. Bí mi ò bá tètè rí i ni, ìdin ì bá ti yọ níbẹ̀."

Ẹfúnwùmí dijú. Ojúọlápé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló sọ̀rọ̀ yẹn. Ìyálé ni, àgbà ni, aláàánú sì ni. Kí ni èèyàn fẹ́ sọ fún ẹni tó báni fọ abọ́?

"Ẹ ṣeun, mà," ló wí. Ó sì wọlé lọ bu ògì mìíràn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn láti ìgbà tó ti dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí: kí ó ṣe é, kí wọ́n bà á jẹ́, kí ó dúpẹ́, kí ó tún un ṣe.

Pátákó ni iṣẹ́ náà. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù, tó ń dán, tó ń pariwo. Pátákó tó dà bí ohun tó ti wà láti ayé baba ńlá ẹni ni, tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, tí etí rẹ̀ ti jẹ. Mọ́ládé, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ló kọ́kọ́ fi hàn án lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń sọ igi tuntun di arúgbó. Omi kíkan àti ìpẹtà irin ló ń mú kí ojú igi ṣókùnkùn. Àbẹ́là ni wọ́n ń fi pa ibi tí wọn ò fẹ́ kí ọ̀dà mú. Bí ọ̀dà bá gbẹ tán, wọ́n á fi sáńpépà ha á títí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò fi yọjú. Àwọn ọ̀rẹ́ Mọ́ládé fẹ́ràn irú pátákó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń gbé e kọ́ sí pálọ̀. Àwọn ará ilé Ẹfúnwùmí ní Ìsẹ́yìn kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Ilé ahunṣọ ni ilé ọkọ rẹ̀. Láti òwúrọ̀ ni òfì ti ń dún lábẹ́ àtíbàbà iwájú ilé, tí aṣọ òkè ń gùn sí i díẹ̀díẹ̀, tí àwọn èèyàn ń yìn ín pé ó ń dán. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ohun tuntun ni ohun tó dára. Oyèlẹ́yẹ, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Rótìmí, lè tú iṣẹ́ odidi àárọ̀ kan palẹ̀ nítorí òwú kan ṣoṣo tó ṣi ọ̀nà gbà. Nígbà tó kọ́kọ́ rí Ẹfúnwùmí tó ń fi ṣéènì kẹ̀kẹ́ lu pákó kí ó lè ní àpá, ṣe ló dáwọ́ ìhunṣọ dúró, tó la ẹnu sílẹ̀.

Ìyápọ̀ ọlọ́kadà ń kọjá lọ nígbà náà. Ó pa ọ̀kadà rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀.

"Ìyá Mọ́ládé, kí ni igi yẹn sọ sí yín?"

"Ó bú mi ni."

"Ẹ fi orí jì í, mà. Igi ò gbọ́n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Ẹfúnwùmí náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ojúọlápé wá jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní ìbànújẹ́ a máa mú èèyàn ṣe ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀. Ó ní tó bá ń gbọ́ ohùn kan tí àwọn yòókù kò gbọ́, kí ó má ṣe dá a gbé mọ́ra.

"N ò gbọ́ ohùn kankan, Ìyá Rótìmí. Pátákó ni mò ń ṣe."

"Mo mọ̀, ìyàwó mi. Mo mọ̀." Ó sì ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn bí ẹni ń rẹ ọmọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ ni pé gbogbo pákó tó ti ń lù, tó ti ń kùn, tó ti ń ha, ìdánrawò ni gbogbo wọn. Pákó kan ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Kafíńtà ni Adégbénga ọkọ rẹ̀. Òun nìkan ni kò hunṣọ nínú àwọn ọmọkùnrin ilé náà. Ó ní igi a máa ní sùúrù fún èèyàn, òwú kì í ní. Ní ọ̀sẹ̀ tó fẹ́ lọ kan òrùlé ní Ìgbòho, ó gbé pákó igi apá kan sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó mú rúlà, ó sì fi pẹ́ńsùlù fífẹ̀ tí àwọn kafíńtà ń lò kọ Ẹ KÁÀBỌ̀ SÍLÉ sí i. Lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà ni, irú èyí tí ọ̀gá wọn ní ilé ìwé míṣọ̀n máa ń fi ṣáàkì kọ sókè pátákó dúdú. Ilé ìwé kan náà ni òun àti Ẹfúnwùmí lọ.

"Tí mo bá dé, màá kùn ún," ló wí. "Ojú títì ni màá gbé e kọ́ sí, kí Mọ́ládé kọ́kọ́ rí i tó bá ń bọ̀ wálé."

Kò dé. Ibà kan tí kò gbọ́ oògùn mú un ní Ìgbòho. Mọ́tò ló gbé e wálé, ó sì ti dákẹ́ kí mọ́tò tó wọ Ìsẹ́yìn.

Adégbénga kì í ṣe ẹni tó ń kọ̀wé. Ẹnu ló fi ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, fóònù ló sì fi ń sọ èyí tó kù. Bí Ẹfúnwùmí ti tú àpótí tó, tó gbọn aṣọ tó, ìlà pẹ́ńsùlù orí pákó yẹn nìkan ló rí tó jẹ́ ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀. Kò lè kùn ún pa. Kò sì lè fi í sílẹ̀ kí ikán jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ sísọ igi di ogbó fi wọ̀ ọ́ lọ́kàn lọ́jọ́ tí Mọ́ládé fi hàn án. Bí ọ̀dà bá fẹ́lẹ́, tí wọ́n bá fi àbẹ́là pa etí lẹ́tà, tí wọ́n sì rọra ha á, ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀ á máa yọjú. Ọ̀dà á dáàbò bò ó, ojú á sì máa rí i. Ṣùgbọ́n ó ní láti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa kí ó tó fọwọ́ kàn án, nítorí pé kò sí pákó kejì.

Abẹ́ tábìlì Adégbénga, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí wọ́n ti tì pa, ló gbé agolo ògì kejì pa mọ́ sí. Ẹnikẹ́ni kò rí i, ẹnikẹ́ni kò bá a fọ̀ ọ́. Ó kan bó ti yẹ kó kan, ó dúdú bó ti yẹ kó dúdú. Nígbà tó yá, ó dáwọ́ lé pákó Adégbénga. Ó fi omi dúdú pa ẹ̀gbẹ́ pákó, kò jẹ́ kí ó dé ibi tí lẹ́tà wà. Ó fi ọ̀dà funfun tó fẹ́lẹ́ bí omi ọ̀sàn kun inú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó gbẹ, ó fi sáńpépà tó ti lò gbó rọra ha etí wọn, ó ń fẹ́ eruku rẹ̀ kúrò, ó ń wò ó, títí ìlà pẹ́ńsùlù fi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, eérú eérú. Ó jókòó sórí àpótí ọkọ rẹ̀.

Ó kù kí oòrùn pa á. Ó gbé e ti ògiri tó kọjú sí títì, ó sì ń múra lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó pe ìyálé rẹ̀.

"Ìyá Rótìmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ pátákó yìí o."

"Kí ni màá fọ̀ ọ́ fún?"

"Ẹ ṣáà má fọ̀ ọ́. Ẹ má nù ún, ẹ má bu omi sí i, ẹ má yọ ìṣó ara rẹ̀."

"Ìyàwó mi, ṣé o rò pé orí mi ti dàrú ni?"

"Rárá, mà. Ẹ má bínú."

Nígbà tó ń bọ̀ láti ìpàdé, ó ti ń rí ohun kan tó ń dán lọ́nà jíjìn. Ó rò pé páànù ni. Ó súnmọ́ ọn díẹ̀, ó rò pé ẹnìkan sá ike síbẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló mọ ohun tó jẹ́. Pákó Adégbénga ni. Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, èyí tó máa ń dán bí òróró. Wọ́n ti fi pupa kọ lẹ́tà sí i, wọ́n sì fi tóótòòtó funfun yí i ká bí etí aṣọ ìyàwó. Ó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí adìẹ kan dúró níwájú rẹ̀ tó ń wo ara rẹ̀.

"Èmi kọ́ o!" Ojúọlápé ti ké láti inú ilé kí ẹnikẹ́ni tó bi í. "N ò fọ̀ ọ́! Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi!"

Oyèlẹ́yẹ jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dà ewé ti kán sí irùngbọ̀n rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn.

"O ti dé? Má wulẹ̀ dúpẹ́."

"Bàbá Rótìmí, kí lẹ ṣe?"

"Ohun tó yẹ kí n ti ṣe tipẹ́ ni. Ọ̀dà tó ṣẹ́ kù nígbà tí mo kun ilẹ̀kùn mi ni. Mo kọ́kọ́ ha gbogbo jágbajàgba yẹn kúrò…"

"Ẹ ha á?"

"Ṣé orí ìdọ̀tí ni kí n kun ọ̀dà lé ni?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Ẹfúnwùmí níyàwó wọ ilé náà, kò gbé ohùn sókè sí Oyèlẹ́yẹ rí. Ó gbé e sókè lọ́jọ́ náà.

"Ta ló bẹ̀ yín? Ta ló bẹ ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí? Mi ò lè ní agolo, mi ò lè ní ìṣó, mi ò lè ní pákó kan ṣoṣo tí ẹ kò ní bá mi tún ṣe! Ẹ ò kúkú gbé búrọ́ọ̀ṣì yẹn kí ẹ bá mi kun èmi náà! Èmi náà ti gbó! Ẹ kùn mí!"

Òfì àwọn ahunṣọ yòókù lábẹ́ àtíbàbà dákẹ́. Adìẹ sá lọ.

Oyèlẹ́yẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀ lórí ọmọrí agolo.

"Ìyá Mọ́ládé, jókòó."

"N ò jókòó."

"Ó dáa, dúró. Ṣùgbọ́n gbọ́. Ìyápọ̀ gbé èrò kan kọjá lónìí. Èrò náà nawọ́ sí pátákó rẹ. Ó ní, 'Ẹ wo ilé opó. Ṣé ẹbí ọkọ rẹ̀ ti kú tán ni, tí kò sí ẹni tó lè bá a kun pákó?' Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Mo wà lórí òfì, mi ò lè dìde, mi ò lè fèsì. Kí ni kí n fèsì? Kí n sọ pé ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ sọ ọ́ di àkísà?"

Ẹfúnwùmí yíjú sí pákó náà.

"Òrùlé opó, ilẹ̀kùn opó, bàtà ẹsẹ̀ opó, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi ń wo ẹbí ọkọ rẹ̀," Oyèlẹ́yẹ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Àbúrò mi wà nínú ilẹ̀. Ṣé kí wọ́n máa sọ pé mo jẹ́ kí ìyà máa jẹ ìyàwó rẹ̀ lójú mi?"

Ohun tó wá burú jù nìyẹn, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé e. Bí wọ́n bá ti ṣe ìkà sí i, ì bá rí ibi tó máa kó ìbínú rẹ̀ lé. Kò sí ibi tí èèyàn lè gbé ìbínú kà lórí irú oore báyìí. Ó dà bí ẹni tó ru ẹrù dé ilé tí kò rí ẹni tó máa sọ̀ ọ́.

"Bàbá Rótìmí," ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "ìlà pẹ́ńsùlù kan wà lára rẹ̀. Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i. Mo ní o gbàgbé láti pa á rẹ́ ni. Mo bá ọ ha á."

"Adégbénga ló fà á. Ọ̀sẹ̀ tó lọ sí Ìgbòho ló kọ ọ́."

Oyèlẹ́yẹ wo pákó. Ó wo sáńpépà tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tí eruku igi ṣì wà nínú ìlà rẹ̀.

"Ọwọ́ Gbénga ni?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ni."

"Ọwọ́ Gbénga ni mo fi sáńpépà ha yẹn?"

"Yéè!" Ojúọlápé ti jáde síta, ó káwọ́ lérí. "Bàbá Rótìmí! Ǹjẹ́ mi ò sọ fún yín? Mo ní ó ní ká má fọ̀ ọ́!"

"Ó ní ká má fọ̀ ọ́! Kò ní ká má kùn ún!"

"Ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́," Ẹfúnwùmí wí. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dákẹ́. Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ."

Ó lọ bu kẹrosínì wá sínú abọ́, ó ya àkísà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ó tó padà dé, Oyèlẹ́yẹ ti tẹ́ pákó náà sílẹ̀, ó ti kúnlẹ̀ tì í nínú erùpẹ̀, tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀. Ó gba àkísà kan, ó rì í bọ kẹrosínì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù bí ẹni ń fọ aṣọ oko.

"Ẹ rọra!"

"Mò ń rọra."

"Ẹ ò rọra. Ẹ wo bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ẹ fi àkísà yẹn sílẹ̀, ẹ bá mi di pákó mú."

Ó di pákó mú. Ẹfúnwùmí ń nu ún díẹ̀díẹ̀. Ewé àti pupa dà pọ̀, wọ́n di àwọ̀ ẹrẹ̀. Ọ̀dà funfun tirẹ̀, èyí tí sáńpépà Oyèlẹ́yẹ fi sílẹ̀ lára rẹ̀, náà bá wọn lọ. Ó dé ibi tí lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹ kó wà, ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó.

"Ṣé ó wà?" Oyèlẹ́yẹ bi í.

"Kò sí."

Ó nu ibi lẹ́tà kejì.

"Èyí ńkọ́?"

"Kò sí, Bàbá Rótìmí."

Bí ó ṣe ń hunṣọ ló ṣe ha pákó. Kò fi àléébù kankan sílẹ̀. Ojú igi náà dán, ó mọ́, ó mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹfúnwùmí ń lọ láti lẹ́tà dé lẹ́tà, ọkùnrin náà sì ń béèrè ní ti ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọmọdé, títí inú fi tún ń bí Ẹfúnwùmí, tó sọ fún un pé bí òun bá rí i, òun á sọ, kí ó jọ̀wọ́ pa ẹnu mọ́. Ó pa á mọ́.

Ní ìparí pákó, níbi tó ti fẹ́ dáwọ́ dúró, ìlà kan yọ. Ó ṣókùnkùn, ó tọ́, ó jinlẹ̀ díẹ̀ nínú igi, nítorí Adégbénga kì í fi ọwọ́ fúyẹ́ mú pẹ́ńsùlù. Lẹ́tà L ni. Ẹfúnwùmí nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. É wà níbẹ̀, tòun ti àmì orí rẹ̀.

"Ó wà," ó ní.

Oyèlẹ́yẹ tẹrí ba.

"Kí ló dé tí ẹ kò ha èyí?"

"Mi ò mọ̀." Ó ronú. "Ìyá Rótìmí ló pè mí pé oúnjẹ ti délẹ̀. Nígbà tí mo jẹun tán, mo ti gbàgbé ibi tí mo ha dé. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn."

"Ẹ gbọ́ o!" Ojúọlápé ké. "Ẹ gbọ́! Bí mi ò bá gún iyán lónìí ńkọ́!"

Ẹ̀rín ta Ẹfúnwùmí lẹ́nu, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀, inú rẹ̀ kò sì tíì rọ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, kẹrosínì sì ta á lójú.

"Jẹ́ n bá ọ fi pẹ́ńsùlù fa èyí tó kù," Oyèlẹ́yẹ sọ. Ohùn rẹ̀ kéré. "Mo mọ bó ṣe ń kọ̀wé. Èmi ni mo kọ́kọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú tó fi kọ A."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

"Mo gbọ́."

"Ẹ má bá mi tún un ṣe."

"Ìyá Mọ́ládé, mo ní mo gbọ́."

Nígbà tí pákó gbẹ, Ẹfúnwùmí fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà tó ti parẹ́. Kò gbìyànjú láti fi jọ ti ọkọ rẹ̀. Bó ṣe máa ń kọ̀wé láti ilé ìwé ló ṣe kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúró gírí bí ọmọ ìjọ tó ń kọrin. Ó kùn ún ní funfun, ó sì rọra ha á. Méjì tó ṣẹ́ kù nínú èyí tí Adégbénga kọ, kò fi ọ̀dà kàn wọ́n. Àbẹ́là nìkan ló fi pa wọ́n lójú. Ọ̀dà ewé Oyèlẹ́yẹ ti wọnú ihò igi káàkiri, kò sì sí omi ògì tàbí ṣéènì tó lè sọ pákó di ogbó tó báyẹn.

Oyèlẹ́yẹ ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé e kọ́. Ó gbé e kọ́ sí ojú títì, níbi tí Adégbénga sọ. Ẹfúnwùmí rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò parí. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó lè kọjá níwájú ilé kí Bàbá Rótìmí má dá a dúró. Bí ọmọdé bá súnmọ́ ògiri, á kígbe. Bí ewúrẹ́ bá fara pa ibẹ̀, á dìde lórí òfì. Ẹfúnwùmí gbé ìgbálẹ̀ láti gbá ìdí ògiri lówùúrọ̀, Oyèlẹ́yẹ ní kí ó má jẹ́ kí eruku fò sókè. Ojúọlápé fi aṣọ nu ilẹ̀kùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bá a jà. Ilé náà kò sinmi mọ́.

"Bàbá Rótìmí, ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn máa lọ sí ibi tí wọ́n ń lọ," Ẹfúnwùmí sọ fún un. "Pátákó ni. Kì í ṣe ẹyin."

"Mo gbọ́," ó ní. Bẹ́ẹ̀ kò gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, inú ilé ni Ẹfúnwùmí wà tó ń gbálẹ̀, ó gbọ́ tí ọ̀kadà dúró lójú títì.

"Bàbá," ohùn Ìyápọ̀ ni, "pátákó yìí ti tún gbó o. Ṣé ọ̀dà tẹ́ ẹ kùn kò mú un ni?"

"Sọ̀kalẹ̀."

"Mo ní èrò lẹ́yìn, Bàbá."

"Kí èrò náà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wá wo ìkọ̀wé àbúrò mi. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́."

"Èwo nínú rẹ̀?"

"Ìparí yẹn. Má nawọ́ sí i! Fi ojú wò ó."

"N ò rí nǹkan kan níbẹ̀ o."

"Sún sẹ́yìn. Sún sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Tẹ orí rẹ báyìí."

Ẹfúnwùmí dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti la ẹnu láti kígbe sí wọn láti ojú fèrèsé, pé ó tó, pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ lọ ṣiṣẹ́ rẹ̀.

"Ó dà bí ẹni pé… ṣé L nìyẹn, Bàbá?"

"L ni!" Oyèlẹ́yẹ ké, ohùn rẹ̀ sì ya. "L ni! Ó rí i!"

Ẹfúnwùmí pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó sì jáde lọ bá wọn.